Àlejò Tó Pa Onílé: Ikú Ẹja Òkun Aral ní 1936

Bí a bá dárúkọ Òkun Aral lónìí, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi dùbúlẹ̀ sí láàárín Kazakhstan àti Uzbekistan. Oko òwú ni wọ́n ní ó pa òkun náà: ìjọba Sófíẹ̀tì darí omi odò Amu Darya àti Syr Darya sí oko, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1960, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn ti bo òmíràn mọ́lẹ̀, èyí tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi ṣì kún bámúbámú. Ní 1936, ẹja tó níyì jù nínú òkun náà kú lọ rẹpẹtẹ. Kòkòrò afòmọ́ tó ń gbé níbi tí ẹja fi ń mí ló pa á. Lójú tèmi, àwọn tó kó ẹja láàyè láti inú omi kan sí òmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò ni ẹ̀bi ikú yẹn wà lọ́rùn wọn ju kòkòrò náà lọ.

Stọ́jọ̀n ni ẹja náà, ẹja gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí eegun líle tò sí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹyin rẹ̀ sì gbówó lórí. Irú kan ṣoṣo, Acipenser nudiventris, ló jẹ́ onílé nínú Òkun Aral fúnra rẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà ní Òkun Kaspia, níhà ìwọ̀ oòrùn. Láàárín 1933 sí 1934, wọ́n kó irú kan tó ń jẹ́ Acipenser stellatus láti Kaspia wá sí Aral, kí ẹja lè pọ̀ sí i fún àwọn apẹja. Ète tó dára ni. Àlejò náà kò rídìí jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fara pamọ́ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rídìí jókòó.

Nitzschia sturionis ni orúkọ kòkòrò yìí. Ó rí pẹlẹbẹ, àgbà rẹ̀ sì máa ń gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ojú lásán lè rí i. Ìdí rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ mọ́ ẹran pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹja ti ń gba afẹ́fẹ́ látinú omi, á wá máa fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ bí eṣúṣú. Kò nílò ìgbín tàbí ẹranko mìíràn láti pọ̀ sí i. Ẹyin rẹ̀ a pa sínú omi, ọmọ rẹ̀ a lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja tuntun. Nítorí náà, ìwọ̀nba àlejò díẹ̀ tó láti kó o ran òkun odindi.

Ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ lágbára gan-an. Dogiel àti Bykhovsky, onímọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti yẹ àwọn ẹja Aral wò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1934. Kòkòrò yìí kò sí lára ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn ikú ọdún 1936, Dogiel àti Lutta tún yẹ ẹja wò, wọ́n sì bá 300 sí 600 kòkòrò lára ẹja kan. Ìwọ̀nba ni àjálù inú omi tí a ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún, èyí tó fi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wá rí hàn. Nígbà tó fi máa di 1940, wọ́n ti fòfin de pípa ẹja náà.

Ẹnìkan lè sọ pé àpajù ló pa ẹja náà tán. Àpajù máa ń dín ẹja kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í kó kòkòrò ọgọ́rọ̀ọ̀rún sí ibi ìmí ẹja. Ẹlòmíràn lè ní kòkòrò yìí burú látilẹ̀ wá ni. Ṣùgbọ́n Acipenser nudiventris wà ní Kaspia náà, nínú omi kan náà pẹ̀lú kòkòrò yìí, kò sì sí ikú àkúrun níbẹ̀. Wọ́n ti jọ gbé pọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ara ẹja Kaspia ti mọ̀ ọ́n, ti Aral kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Norway ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Gyrodactylus salaris bá ẹja sámọ́ọ̀nù wọlé láti agbègbè Òkun Baltic: sámọ́ọ̀nù Baltic ń fara dà á, ti Norway ń kú.

Àtakò tó le jù ni ti adágún Balkhash ní Kazakhstan. Ní àwọn ọdún 1930 yẹn kan náà, wọ́n kó stọ́jọ̀n Aral lọ síbẹ̀, ó sì gbilẹ̀. Lẹ́yìn tí òkun gbẹ, Balkhash wà lára ibi tí ìran ẹja Aral ti ṣẹ́ kù. Ṣé kíkó ẹja kiri kọ́ ló gbà á là, nígbà náà? Òun ni, mi ò sì ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí stọ́jọ̀n onílé kankan ní Balkhash tí àlejò lè kó àrùn ràn, àwọn tí wọ́n sì kó lọ ti kúrò kí kòkòrò tó gba Aral kan. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, kò sí ẹni tó ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja Kaspia wò kí wọ́n tó tú u sómi.