Náírà àti Ríyàlì Ilẹ̀ Sáúdí

Ọdún 1973 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Náírà 2 ló rọ́pò pọ́ùn 1. Láti ọdún 1986 ni ilẹ̀ Sáúdí ti so owó tirẹ̀ mọ́ dọ́là: ríyàlì 3.75 ni dọ́là 1. Nítorí náà, bí dọ́là bá ti wọ́n sí lọ́dọ̀ wa ni ríyàlì náà ń wọ́n.

Ní ọdún 2010, dọ́là wà ní nǹkan bíi náírà 150, ríyàlì sì jẹ́ nǹkan bíi náírà 40. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ríyàlì ti lé ní náírà 400.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó Hájì, ẹ wò ó: náírà 400,000 tó jẹ́ ríyàlì 10,000 ní ọdún 2010 kò tó ríyàlì 1,000 mọ́ nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí.