Ohùn Àtijọ́, Orin Tuntun: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn "Ashokan Farewell" Láàrin Àwọn Olùta Máńdólìn

Ìfáárà

Ìbéèrè kan máa ń dojú kọ onímọ̀ ìtàn nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ fi orin àtẹnudẹ́nu ṣe ẹ̀rí: báwo ni a ṣe mọ̀ pé orin kan ti pẹ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò dáhùn pé ohùn rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn náà kò tó, ó sì léwu. Orin kan tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn olùta máńdólìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí à ń wí kì í ṣe òṣèré tí ń fi orin jẹun. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, tàbí tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n. Ilé ni wọ́n ti ń ta ohun èlò náà fún ìgbádùn ara wọn. Wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti gbọ́.

Ohun Èlò àti Ijó

Máńdólìn kéré sí gìtá. Ìlú Naples ní ilẹ̀ Ítálì ni irú èyí tí a mọ̀ jù lọ ti gbilẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Okùn 8 ni ó ní. Méjì-méjì ni wọ́n tò, ohùn kan náà sì ni méjì kọ̀ọ̀kan ń fọ̀. Ohùn mẹ́rin tí èyí fún un bá ti fáyólìn mu. Ìdí nìyí tí orin fáyólìn fi máa ń rọrùn láti kó sórí máńdólìn.

Ní ọdún 1880, ẹgbẹ́ olórin kan láti ilẹ̀ Sípéènì dé New York. Bandurria ni wọ́n ń ta, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì tí ó wà nílùú náà fi máńdólìn sín wọn jẹ, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì mọ ìyàtọ̀. Láti ìgbà náà ni máńdólìn ti di ohun àmúyangàn ní Amẹ́ríkà títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. A rí i pé àṣìmọ̀ kì í ṣe àlejò nínú ìtàn ohun èlò yìí.

Ní ti wọ́ọ̀sì, ijó tí ọkùnrin àti obìnrin jọ ń jó ni, mẹ́ta-mẹ́ta sì ni a ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Austria àti gúúsù Jámánì ni ó ti tàn kálẹ̀ ní òpin sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Nítorí náà, wọ́ọ̀sì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ti àwọn baba ńlá wọn, àlejò ni òun náà nígbà kan.

Ìbí Orin Kan

"Ashokan Farewell" jẹ́ wọ́ọ̀sì tí ó lọ́ra, tí ó sì ń mú ọkàn rọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè búra pé àwọn tí ó ti Scotland ṣí wá sí Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ni ó gbé e wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jay Ungar, olùta fáyólìn tí a bí sí Bronx ní New York ní ọdún 1946, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọdún 1982. Ó ti ń darí àgọ́ orin àti ijó kan ní Ashokan, lágbègbè àwọn òkè Catskill, láti ọdún 1980. Nígbà tí àgọ́ ọdún 1982 parí, tí oníkálukú padà sílé, àárò sọ ọ́, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀dá orin náà ní ìlànà orin arò àwọn ará Scotland. Ọmọ Júù ni Ungar, òun fúnra rẹ̀ a sì máa fi èyí ṣe àwàdà.

Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ rẹ̀, Fiddle Fever, gbé orin náà sínú àwo. Ken Burns, olùṣe fíìmù, gbọ́ ọ, ó sì lò ó nínú fíìmù rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tí a gbé jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990. Ìgbà 25 ni a gbọ́ ọ nínú fíìmù náà, àròpọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Orin sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ó pọ̀ jù nínú àwọn orin tí ó yí i ká.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn dúró lé lórí. Níbẹ̀ ni a ti ka lẹ́tà tí Sullivan Ballou, ọ̀gá ológun kan, kọ sí ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 1861. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fara gba ọgbẹ́ ikú ní ogun Bull Run. "Ashokan Farewell" ni ó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 121 ni ó wà láàrin lẹ́tà àti orin, síbẹ̀ etí kò lè yà wọ́n. Lẹ́tà náà ní ọjọ́ lórí. Orin kò ní. Ara ọjọ́ tí ó wà lórí lẹ́tà ni orin ti yá ọjọ́ orí tirẹ̀.

Gbígbohùnsílẹ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí

Láti ibẹ̀ ni orin náà ti wọ ọwọ́ àwọn olùta máńdólìn. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń ka orin lórí ìwé. Etí ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan dúró dè wọ́n. Ọrun tí a ń fà lórí okùn fáyólìn lè mú kí ohùn kan pẹ́ bí ó ti wu olùta. Ti máńdólìn kì í pẹ́ kú. Inú ohùn gígùn sì ni ọ̀fọ̀ orin yìí wà. Àwọn kan a máa ta okùn léraléra kíákíá kí ohùn má baà já. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí ó kú, wọn a sì fi ohùn kéékèèké dí àlàfo náà. Nínú ìdáhùn oníkálukú sí ìṣòro yìí ni a ti lè dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Bí olùta kan bá sì dá bẹ̀rẹ̀, tí gìtá wá bá a lẹ́yìn náà, ètò àwo ọdún 1984 ni ó jọ pé ó ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú yàrá láìsí owó níbẹ̀ lè jẹ́ àkọsílẹ̀ fún onímọ̀ ìtàn: ó ń fi ipa ọ̀nà tí orin gbà hàn wá.

Ohun tí kì í sábà fi hàn ni orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a fi "Kentucky Waltz" wé e. Bill Monroe, olùta máńdólìn, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1945, àwo rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1946. Ohùn àtijọ́ ni òun náà ní, ṣùgbọ́n orúkọ olórin wà lára àwo tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́ orin láti inú fíìmù kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbá mú. Orúkọ a kọjá fìrí ní ìparí, orin a sì kù sí etí. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá kọ "orin ìbílẹ̀" sí ara ohùn tí ó fi ránṣẹ́, kò purọ́, ohun tí etí rẹ̀ sọ fún un ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ó ti gba orin lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó tẹ̀ lé e yóò sì ka àkọlé náà sí ẹ̀rí. Ohun tí ó jẹ́ kí a lè tún un ṣe ni pé àwo ọdún 1984 wà, olùṣẹ̀dá orin sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Ká ní ọdún 1882 ni Ungar ṣe é ni, tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀, àkọlé yẹn nìkan ni ìbá kù sí wa lọ́wọ́.