Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kọ̀



Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan server kékeré tí mo fẹ́ máa kó àwọn àkọsílẹ̀ mi sí, ó béèrè orúkọ tí n ó sọ ọ́. Mo tẹ Ọ̀ṣun. Ó kọ̀. Mo yọ àmì ohùn kúrò, ó tún kọ̀. Àfi ìgbà tí mo tẹ osun ni ó tó gbà. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá odò ni mo ní lọ́kàn tàbí osùn tí a fi ń kun ara? Kò tán síbẹ̀. Server náà ní òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ osun, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni! Ó di ìgbà tí mo ṣí fáìlì kan tí ń jẹ́ hosts, tí mo kọ 127.0.1.1 àti osun sórí ìlà kan, kí ó tó dá ara rẹ̀ mọ̀.

Ìtàn fáìlì yìí jìn. Nígbà tí ARPANET bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ibùdó mẹ́rin péré ni ó so pọ̀: mẹ́ta ní Kalifọ́níà, ọ̀kan ní Utah. Nígbà tí wọ́n pọ̀ sí i, ilé-ìwádìí SRI ní Menlo Park ni ó ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo wọn, HOSTS.TXT, lábẹ́ àbójútó Elizabeth Feinler. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tuntun yóò kàn sí wọn. Wọn yóò wò ó bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ orúkọ náà, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù yóò wá ṣe àdàkọ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí baálé kan ṣoṣo ń sọ gbogbo ọmọ ìlú lórúkọ. Iṣẹ́ náà wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1983, Paul Mockapetris gbé ètò DNS jáde, kí agbolé kọ̀ọ̀kan lè máa sọ ọmọ tirẹ̀ lórúkọ. Nàìjíríà gba .ng ní 1995.

Ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kò kúrò nílẹ̀. Ìwé RFC 952 ti oṣù kẹwàá 1985, tí Feinler wà lára àwọn tí ó kọ ọ́, sọ pé lẹ́tà A títí dé Z, nọ́ńbà, ìlà kékeré tí ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, àti àmì ìdánudúró tí ń pín orúkọ sí apá nìkan ni ó lè wà nínú orúkọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú. N kò dá wọn lẹ́bi. ASCII ni wọ́n ń lò, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ nínú rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé ní 1989 wọ́n tún òfin náà ṣe kí nọ́ńbà lè ṣíwájú. Nọ́ńbà rí àánú gbà, lẹ́tà olámì ìsàlẹ̀ kò rí i!

Ní 2003, wọ́n wá ọgbọ́n kan tí ń jẹ́ Punycode fún orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Agọ̀ ni wọ́n gbé wọ orúkọ wa: a ó tẹ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí yóò rìn nínú wáyà ni lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí xn-- ṣíwájú rẹ̀.

Server mi gba orúkọ kejì, tí wọ́n ń pè ní pretty hostname. Ibẹ̀ ni mo kọ Ọ̀ṣun sí. Bí mo bá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a fi Ọ̀ṣun hàn mí pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ṣì ń pè é ní osun.