Ilé Ọba Tí Ó Jó

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i." Òwe yìí ni a fi ń tu ẹni tí àdánù bá nínú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Iná kò mọ ẹwà í dá. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń dá a. Bí ilé ọba bá jó, tí àwọn ará ìlú kò sì jáde láti po amọ̀ àti láti gé igi, ahoro ni ilé náà yóò dà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ irú ìjọba tí ó wà ní ìlú kan, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ó kọ́, kí a sì wo ohun tí ó ṣe nígbà tí ilé náà bàjẹ́. Ní Erékùṣù Èkó, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣọ̀wọ́n.

Ilé ìjọba tí ó pẹ́ jùlọ níbẹ̀ ni Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn sọ fún wa pé oko ata Arómirẹ́ ni ibẹ̀ rí kí ó tó di ààfin, láti inú èyí ni orúkọ rẹ̀ sì ti jáde. Ọba Gàbàrò ni a gbọ́ pé ó kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1670. Lẹ́yìn náà ni àwọn Potogí, tí wọ́n ń bá Èkó ṣòwò, kó ohun ìkọ́lé wá láti òkèèrè láti fi tún un ṣe. Kí a má ṣe fi òtítọ́ pamọ́: òwò ẹrú wà nínú òwò náà, ẹwà tí a sì fi ẹkún ọmọ ẹlòmíràn rà kì í ṣe ohun ìyangàn. Ní ọdún 1960 ni a ṣí apá tuntun nínú ààfin náà, ṣùgbọ́n a kò wó ti àtijọ́ dànù. Tuntun àti àtijọ́ jọ wà nínú ọgbà kan náà, bí bàbá àti ọmọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó sọ ìlú di ti ọbabìnrin wọn. Ilé onírin tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé láti Ìlú Òyìnbó ni ajẹ́lẹ̀ wọn ń gbé. Oòrùn a máa mú irin náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Richard Burton, ẹni tí ó rí i ní àkókò náà, fi í wé pósí. Ọgbọ́n ìlú olótùútù ni wọ́n gbé wá sí ìlú olóoru. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́gbọ́n: ilé gómìnà tí wọ́n kọ́ sí Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, ó sì kọjú sí ọ̀sà kí atẹ́gùn lè wọlé. Ilẹ̀ ni olùkọ́ wọn; ẹni tí ó bá kọ̀ láti gbọ́ ti ilẹ̀, oòrùn yóò nà án.

Ní ọdún 1872 ni ìjọba náà kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Òpópónà Broad. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, koríko ni òrùlé rẹ̀. Àwọn tí ó kórìíra ìjọba àjòjì a máa ju iná sí koríko náà, a sì máa jó. Nígbà tí ó di ọdún 1885, ìjọba kó bíríkì wá láti Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì fi mọ odi gíga. Owó tí wọ́n ná sí i pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ ronú sí i, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ilé yìí jó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni wọ́n bù sí i, kì í ṣe ẹwà. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó kọ́ iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní Ìlú Òyìnbó, wà lára àwọn tí wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀.

Ní ọdún 1979, ìjọba tiwa wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ibi ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n Theo Lawson, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, rí ohun mìíràn níbẹ̀. Ní ọdún 2010, tí òmìnira pé àádọ́ta ọdún, a ṣí ibẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ tí à ń pè ní Freedom Park. A kò pa àmì ẹ̀wọ̀n rẹ́: ibi tí iyàrá ẹlẹ́wọ̀n wà ti di ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà, orin àti eré sì ń lọ níbi tí ẹkún wà tẹ́lẹ̀. Níhìn-ín ni òwe àwọn àgbà ti ṣẹ.

Kò ṣẹ níbi gbogbo. Ilé Òmìnira, tí ó ní àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ni a kọ́ fún ìrántí òmìnira ọdún 1960. Ní ọdún 1991 ni olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá; ní ọdún 1993 iná jó ilé náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà kò sì sí ẹni tí ó bu ẹwà kankan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ilé Ìlọ́jọ̀ ní Ìta Tinúbú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà láti ọdún 1855, tí òfin ti ń dáàbò bò láti ọdún 1956. Kì í ṣe iná ni ó pa á. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ìgá ní ẹbí tí ń pè é ní ilé bàbá wọn, Freedom Park sì ní ẹni tí ó fi ọkàn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pè ní ti ìjọba, a máa ń rò pé kì í ṣe ti ẹnì kankan. Àṣìṣe ńlá ni. Owó orí àwọn òbí wa ni ó kọ́ ọ; àwa ni ọmọ onílé. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀bẹ gé àga ilé-ẹ̀kọ́ lónìí ni yóò jókòó nínú ọ́fíìsì ìjọba lọ́la, tí òjò yóò máa rọ̀ sí ìwé ìlú lórí, tí kò sì ní dìde. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń tún ìlẹ̀kùn tí ó yọ ṣe láìjẹ́ pé a rán an, òun ni irú ènìyàn tí àwọn àgbà ń fọkàn sí nígbà tí wọ́n sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i.