Ta ló rán aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́? Ìtàn ìdìbò ní yunifásítì wa láti 1970



Lọ́dọọdún tí èsì Bac bá ti jáde, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí láti Alafiarou dé Bétérou, dé Papanè. Ọmọ ń lọ sí Parakou: ṣé yóò rí yàrá? Ṣé yóò rí bourse? Ṣé ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rìn déédéé? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a kì í gbọ́: àwọn wo ló ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ yàrá àti ọkọ̀ yìí, ta ló sì fi wọ́n síbẹ̀? Inú ìwé Faransé ni púpọ̀ nínú ìtàn yẹn wà, àwa olùkọ́ tí a fi Faransé kàwé sì máa ń fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ ara wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Yorùbá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan ẹni tí yóò ṣojú rẹ̀ kì í ṣe àṣà tuntun. Ní Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, láyé àtijọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń yan recteur, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé olùkọ́ tó bá pẹ́ dé. (Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí o.) Ní Paris, àwọn olùkọ́ ló di àṣẹ mú, ọ̀nà ti Paris ló sì borí. Ní 1918 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Córdoba, ní Argentina, dìde, tí wọ́n ní àwọn náà gbọ́dọ̀ ní aṣojú tí a dìbò yàn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso yunifásítì.

Ní tiwa, Dakar ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú 1970, kò sí yunifásítì ní Dahomey, bí a ṣe ń pe orílẹ̀-èdè wa nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kàwé jinlẹ̀ ń lọ sí Dakar tàbí sí ilẹ̀ Faransé. Ní òpin oṣù karùn-ún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dakar yanṣẹ́lódì nítorí pé ìjọba Senghor fẹ́ gé bourse wọn. Àwọn agbófinró wọ inú yunifásítì. Wọ́n kó àwọn tí kì í ṣe ọmọ Senegal, wọ́n dá wọn padà sí ìlú wọn, àwọn ọmọ Dahomey sì wà nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Paris, ilẹ̀ Faransé ṣe òfin tí a ń fi orúkọ mínísítà Edgar Faure pè. Òfin náà ní kí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ máa dìbò yan aṣojú wọn sínú ìgbìmọ̀ yunifásítì. Ẹ rí i pé ohun méjì ló wá sí etí wa lọ́dún kan ṣoṣo: bí a ṣe ń lé akẹ́kọ̀ọ́, àti bí a ṣe ń fún un ní àga.

Ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1970 ni wọ́n dá Université du Dahomey sílẹ̀. Ọmọ Parakou, Hubert Maga, ló wà lórí àga ààrẹ nígbà náà. Olùkọ́ lòun náà tẹ́lẹ̀, bíi tiwa. Kó tó di ìgbà yẹn, àwa àti Togo la jọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, apá kan ní Lomé, apá kejì ní Porto-Novo. Nígbà tí a pínyà, Togo pe tirẹ̀ ní Université du Bénin, orúkọ tó ń jẹ́ títí di 2001. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ lè rí ẹni tí «Université du Bénin» wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tí kò sì kàwé lọ́dọ̀ wa rí. Recteur wa àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Édouard Adjanohoun, onímọ̀ ewé àti egbò. Ìjọba ló yàn án. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹgbẹ́ tiwọn, UGEED, ẹgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà bá ti ìjọba mu.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, Kérékou gba ìjọba. Nígbà tó di 1975, orílẹ̀-èdè di Bénin, yunifásítì di Université Nationale du Bénin, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì kù, PRPB. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sínú coopérative, láti ilé ẹ̀kọ́ kékeré dé yunifásítì. Coopérative ní olórí, ó ní ìpàdé, ó ní aṣojú. Tí ẹ bá kà á lórí ìwé, ẹ ó ní kò sí ohun tó kù. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fàyè gba ẹgbẹ́ mìíràn, aṣojú náà sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ ti wá. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Aṣojú tí ìjọba bá rán sí akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ni yóò máa bẹ̀rù. Aṣojú tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rán sí ìjọba, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àga kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó lé, iṣẹ́ wọn yàtọ̀ bí ọ̀sán ti yàtọ̀ sí òru. Àwa tí a ti lé lógójì ọdún rántí oko coopérative ní ilé ẹ̀kọ́. A rántí ọkọ́, a rántí àgbàdo. A kò rántí ìpàdé kan tí ẹnikẹ́ni ti bi wá ní ohun tí a fẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò rí ọ̀nà gba inú ìgbìmọ̀, ó gba ojú títì. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1985, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1989, tí èyí sì le jù. Àwọn báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù kò jáde, bourse kò jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì yanṣẹ́lódì, àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, SNES, jáde kúrò nínú UNSTB, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ PRPB. Ìgbésẹ̀ yẹn ló wú wa lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn olùkọ́ kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún wọn láyè. Wọ́n kúrò lábẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn láì bi wọ́n, wọ́n sì ń sọ ti ara wọn. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá, ìjọba ti kọ Marxisme-Léninisme sílẹ̀. Robert Dossou, tó jẹ́ doyen ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin, ló darí ìgbìmọ̀ tó ṣètò Conférence nationale. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì 1990, àwọn aṣojú olùkọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní Cotonou pẹ̀lú àwọn aṣojú àgbẹ̀, òṣìṣẹ́, sójà àti àwọn olórí ẹ̀sìn. Òfin Ìpìlẹ̀ tó jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà fi ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ 25.

Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀: UNEB, FNEB, UNSEB. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí ta ni aṣojú tòótọ́. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ ọ́n: ìdìbò tó di ìjà, olórí ẹgbẹ́ tó pẹ́ lórí oyè ju ọdún tó yẹ kó fi kàwé lọ, àti àwọn ẹgbẹ́ tí olóṣèlú ń fi owó bọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta á.

Ní 2001, wọ́n dá Université de Parakou sílẹ̀, ti Cotonou sì di Université d'Abomey-Calavi. Fún wa ní Tchaourou, ìyípadà ńlá ni, torí yunifásítì tó wà lọ́nà jíjìn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọmọ lè wọ taxi lọ láàárọ̀, kó sì padà lálẹ́.

Ní ti ẹni tí àwa ń pè ní recteur, tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní Vice-Chancellor, ó di ẹni tí wọ́n ń dìbò yàn ní àkókò ààrẹ Boni Yayi, ọmọ Tchaourou níbí. Báyìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Brice Sinsin ṣe di recteur Abomey-Calavi ní 2011, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Maxime da Cruz sì tẹ̀ lé e ní 2017. Ní 2021, ìjọba tún padà sí yíyàn, wọ́n sì yan Ọ̀jọ̀gbọ́n Félicien Avlessi. Àwọn kan ní ìbò ń sọ yunifásítì di ilé òṣèlú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyàn láti òkè náà, òṣèlú ni. Ti ibòmíràn ni.

Ní Nàìjíríà, òfin 2003 lórí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú Council, Senate ní àga mẹ́rin, Congregation méjì, Convocation ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àga níbẹ̀. Òfin kan náà ní kí wọ́n ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìgbáyégbádùn wọn, àní kí wọ́n máa sọ èrò wọn lórí bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lẹ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe é.

Èyí tó tún kàn wá gbọ̀n-ọ́n ni ti 2016. Lọ́dún yẹn, wàhálà ìdánwò bẹ́ sílẹ̀ ní FLASH, ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ní Abomey-Calavi, wọ́n sì fagi lé odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, Conseil des ministres fòfin de iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo yunifásítì ìjọba. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó dá wàhálà sílẹ̀ nìkan o, gbogbo wọn ni, ti Parakou náà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n Òfin Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1990 ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ ará wa kò mọ̀. Àpilẹ̀kọ 3 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lè pe òfin tàbí àṣẹ ìjọba lẹ́jọ́ níwájú Cour constitutionnelle tó bá gbà pé ó lòdì sí Òfin Ìpìlẹ̀. Kò dìgbà tó bá jẹ́ mínísítà tàbí ọlọ́rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹta 2017, Cour constitutionnelle, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Théodore Holo jẹ́ ààrẹ rẹ̀, dájọ́ pé ìjọba ti rú Òfin Ìpìlẹ̀. Nínú ọdún náà, ìjọba gbé àṣẹ tuntun jáde lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe máa ní aṣojú. Ìlànà dé, ṣùgbọ́n kò tún ṣeé ṣe láti sọ pé kí wọ́n má ní aṣojú rárá.

Àwọn ọmọ terminale wa tó ń lọ sí Parakou yóò bá ìdìbò kékeré kan pàdé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, kí wọ́n tó mọ ẹgbẹ́ kankan: ti responsable d'amphi. Òun ló ń lọ bá doyen nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ bá dàrú tàbí tí máàkì ìdánwò bá sọnù. Púpọ̀ nínú wọn máa ń wà níta nígbà tí wọ́n bá ń dìbò yẹn, wọ́n ń wá yàrá kiri.