Ọ̀yọ́-Ilé: Ìlú Aláàfin tó túká lẹ́ẹ̀mejì

Tí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀yọ́ lónìí, ìlú tí ààfin Aláàfin wà báyìí ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, wà lókè lápá àríwá, nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, ìyẹn Old Oyo National Park. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́.

Ejò ló júwe ilẹ̀

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọ̀rànmíyàn ló tẹ ìlú náà dó. Ọba Ìbàrìbá kan so oògùn mọ́ òjòlá lọ́rùn, ó ní kí Ọ̀rànmíyàn máa tẹ̀ lé e. Ibi tí ejò náà bá dúró sí fún ọjọ́ méje, tó sì wọlẹ̀, ibẹ̀ ni kó dó sí. Ẹsẹ̀ òkè Àjàká ló dúró sí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹṣin Ọ̀rànmíyàn ń yọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ Ọ̀yọ́ ti wá.

Ọba tó mú iwin

Ogun Tápà ló kọ́kọ́ tú ìlú náà, láyé Aláàfin Onígbogí. Ọba sá lọ sílẹ̀ Ìbàrìbá. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ Ọ̀yọ́-Ìgbòho dó, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀.

Aláàfin Abípa ló ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ń padà sílé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́, torí ilé wọn àti oko wọn ti wà ní Ìgbòho. Kí àwọn ikọ̀ ọba tó dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ wo ilẹ̀, àwọn ìjòyè ti rán abuké, arọ àti àfín ṣáájú, kí wọ́n máa pariwo lóru bí iwin pé kò sáyè. Ẹ̀rù ba àwọn ikọ̀, wọ́n sá wálé. Ọba bá rán àwọn ọdẹ. Àwọn ọdẹ mú "iwin" náà lọ́wọ́, àṣírí tú, ìlú sì padà sílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀.

Ohun tí àlejò rí

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, àti Richard Lander dé ibẹ̀. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ ìlú náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó tó máìlì 15 yíká, ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ 10, ọjà méje ni wọ́n sì ń ná nírọ̀lẹ́.

Ègún Awólẹ̀

Nígbà yẹn, nǹkan ti bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní nígbà tí àwọn ìjòyè kọ Aláàfin Awólẹ̀, ó ta ọfà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì fọ́ àwo mọ́lẹ̀. Ó ní gbogbo ibi tí ọfà náà lọ ni wọn yóò kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, ya kúrò lára Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní sì gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kó nínú àwọn ogun tó tẹ̀ lé e dé Cuba àti Brazil, wọ́n sì gbé Ṣàngó dání lọ.

Láàárín nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, Aláàfin Olúẹ̀wù bá ogun Elédùwẹ̀ lọ, ìlú sì tú. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí Abípa. Àtìbà tó jọba tẹ̀ lé e ò padà sẹ́yìn. Ó sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun, ó sì gbé àwọn oyè àti orúkọ ọjà Àkẹ̀sàn lọ síbẹ̀.

Ohun tó kù

Ní ọdún 1991, ìjọba sọ igbó náà di páàkì. Òkìtì odi, àpáàdì, ọlọ àti igi osè ló kù nílẹ̀, àwọn ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ibi tí agboolé wà. Ìtàn lè sọ ẹni tó jọba fún wa, ṣùgbọ́n àpáàdì ló máa sọ ibi tí ará ìlú ti ń se ọbẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e kúrò níbi tó wà, ẹnu rẹ̀ ti di nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó gba ọ̀dọ̀ àwọn alámòójútó páàkì, kó wò ó, kó ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kó má mú nǹkan kan bọ̀.