Àtúnṣe Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Nínú Ilé: Iṣẹ́ Ọwọ́, Ìtàn àti Àkọsílẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ òfurufú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjẹmọ̀ ni agbo ilé wa ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ káfíńtà sì ni bàbá mi ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí bàálù bá ń kọjá lókè, àwa ọmọdé a máa pariwo, a máa juwọ́ sí i. Bàbá mi a gbójú sókè, a ní, "Igi wo ni wọ́n fi kan ìyẹn?" Ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ̀ pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1925, àwọn ọkọ̀ òfurufú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbéra láti Íjíbítì balẹ̀ sí Kánò. Ìjọba ni ó ni àwọn wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n a rí i kà pé ní 1930 sí 1931, oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní "Bud" Carpenter ní ọkọ̀ de Havilland Moth tirẹ̀, ó sì ń fò láti Kánò dé Èkó. Kò ní ohun tí ń júwe ọ̀nà fún un ju ojú irin lọ. Ojú irin ni ó ń tọ̀. Ojú irin tí wọ́n ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dá odò Ògùn. Bí ọkùnrin náà bá tọ ojú irin ní tòótọ́, a jẹ́ pé ọkọ̀ aládàáni ti fò kọjá lórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà.

Kí ni wọ́n fi ṣe Moth? Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 1925 ni èyí àkọ́kọ́ fò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi ni egungun rẹ̀, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sì fi bo apá rẹ̀. Apá náà ṣeé ká sẹ́yìn bí ti ẹyẹ, kí olówó rẹ̀ lè tì í sábẹ́ àtíbàbà kékeré. Frank Halford ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Cirrus. Àwọn ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 8 tí ogun 1914 sí 1918 ṣẹ́ kù ni ó mú, ó sì fi ṣe onísílíńdà 4. Ẹ ò rí i pé láti inú àlòkù ni ọkọ̀ aládàáni tí ó lókìkí jù lọ láyé ìgbà náà ti jáde. Èyí fi hàn pé ìbéèrè bàbá mi bá ọkọ̀ ìgbà yẹn mu rẹ́gí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò fọwọ́ wá gbogbo oríkèé igi. Láyé ìgbà náà, gúlù tí wọ́n fi wàrà ṣe ni ó so wọ́n pọ̀. Olú a sì máa mú gúlù bẹ́ẹ̀ níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti pọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe Moth onírin jáde ní 1928 fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè. Alátùn-únṣe yóò gé igi tí ó ti kú, yóò lẹ tuntun mọ́ ọn ní dídágẹ̀ẹ́rẹ́. Yóò rán aṣọ tuntun mọ́ apá, yóò wá fi oje olóòórùn líle kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta títí yóò fi le bí awọ gángan tí a yá lóòrùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó bo aṣọ yìí, alábòójútó gbọ́dọ̀ wá wo inú rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Nítorí ohun tí aṣọ bá ti bò, ojú kì í rí i mọ́.

Níbi yìí ni ìbéèrè kan ti dìde tí ó kan àwa onílítíréṣọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá pààrọ̀ igi, tí a pààrọ̀ aṣọ, ṣé ọkọ̀ àná náà ni a ṣì ń pè é? Ẹ bi àwọn eléégún. Aṣọ tuntun a máa kún ẹ̀kú lọ́dọọdún, ti àtijọ́ a sì máa gbó dànù. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ń sọ pé eégún mìíràn ni ó jáde. Orúkọ, oríkì àti àwọn tí wọ́n jẹ́rìí sí i ni ó so ó mọ́ ti àná. Nínú ọkọ̀ òfurufú, nọ́ńbà àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni oríkì rẹ̀. Bí ìwé náà bá sọnù, ọkọ̀ náà di aláìnílé.

Iṣẹ́ inú ilé yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní 1953, Paul Poberezny dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń kan ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn sílẹ̀ ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1980, Richard VanGrunsven ti Oregon ṣe RV-6, ọkọ̀ oníjókòó méjì tí wọ́n ta ẹ̀yà rẹ̀ nígbà náà fún ẹni tí yóò tò ó nílé. Irú ọkọ̀ yìí ni ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà mú, tí wọ́n ń tò ó ní ilé-iṣẹ́ AIEP ní Kàdúná pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Dornier ti Jámánì, tí wọ́n sọ ní Air Beetle, tí wọ́n sì fi kọ́ àwọn awakọ̀ wọn. Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń tò sẹ́yìn ilé ni ìjọba wa fi ṣe ilé-ìwé. N kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀.

N kò sọ pé káfíńtà Ìjẹmọ̀ lè dédé gbé ọkọ̀ fò. Ìṣirò wà níbẹ̀, ìdánwò agbára igi àti irin wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ọgbọ́n tí àtúnṣe yìí ń béèrè, mímọ igi, mímọ gúlù, mímọ bí aṣọ ṣe ń fà, wà ní Abẹ́òkúta lọ́wọ́ àwọn káfíńtà àti àwọn aláṣọ wa. Àkọsílẹ̀ ni kò sí. Bàbá mi lè fi ìka kan igi kí ó sọ ọjọ́ tí yóò là. Ó kú, n kò kọ ọ̀kan nínú rẹ̀ sílẹ̀, èmi tí mo gboyè lórí ìwé kíkọ. Ẹ̀bi náà, tèmi ni.

Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ìlú tí ó tètè mọ ìwé títẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ kí ọgbọ́n ọwọ́ wọlẹ̀ láìsí ìwé. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: bí ẹ bá dé ilé, ẹ jókòó ti oníṣẹ́ ọwọ́ kan, ẹ bi í léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ sí i létí kí ó tún un ṣe. Ẹ ṣe é kí aṣọ tó bò ó.